Ta Ló Ń Ka Kòkòrò Inú Ìfun Wa?

Àwọn oníkẹ́mísìtì àtàwọn olósìn adìẹ kan ló pè mí n'Íbàdàn pé kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí kòkòrò tí apá oògùn apakòkòrò (antibiotic) ò ká mọ́, ohun tí mo sọ níbẹ̀ ni mo tẹ̀ síbí. Mo yọ ibi tí mo ti ń sọ ìsọkúsọ kúrò, mo sì fi ìbéèrè àwọn èèyàn sí i níbi tí mo bá rántí.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Wọ́n ti sọ fún mi pé epo inú jẹnẹrétọ̀ ò pọ̀, torí náà ẹ jẹ́ n bọ́ síbẹ̀ kíá. Ẹni tó bá ti lo kápúsù, oògùn apakòkòrò ni mò ń wí, láàárín oṣù kan sẹ́yìn kó nawọ́, tetra o, ampiclox o, cipro o, Septrin náà wà níbẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ wóró. Ẹ wò ó, ó ju ìdajì wa lọ. Ó dáa, ẹni tó jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún un kó ṣì nawọ́ sókè, kí àwọn yòókù gbé ọwọ́ sílẹ̀. Haa. Ẹ ṣeun. Ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ mi, torí ohun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí náà ni wọ́n ń pè ní surveillance, kò ju ká ka nǹkan lọ, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká tún padà wá kà á lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá ó ti lé sí i ni àbí ó ti dín kù. Mo mọ̀ pé Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n kòkòrò kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan jàre, ẹ jẹ́ ká kà á.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1986 sí 1998, àwọn olùwádìí ní Ifẹ̀ gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ (ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ìrẹsì ń bọ̀ lẹ́yìn tèmi), kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣàìsàn o, àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n ń lọ kíláàsì, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n wá yọ kòkòrò tó ń jẹ́ E. coli jáde nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 758. E. coli yìí, kò sẹ́ni tí kò ní i nínú ìfun, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò bá wa fa wàhálà kankan, ayálégbé tó ń san owó ilé ẹ̀ déédéé ni wọ́n. Oríṣi oògùn méje ni wọ́n fi dán wọn wò. Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́rin nínú wọn, tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin. Lọ́dún 1986, àwọn kòkòrò tí apá oògùn wọ̀nyí ò ká wà láàárín 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, bí oògùn kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Nígbà tó fi máa di 1998, ó ti di 56 sí 100. Mo ní 100 o. Ìyẹn ni pé oògùn kan wà nínú mẹ́rin yẹn tí kò ku kòkòrò kan ṣoṣo tó ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀. Ọdún méjìlá péré ni gbogbo ẹ̀ gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke wà lára àwọn tó kọ iṣẹ́ yẹn jáde lọ́dún 2000, òun náà ló wà ní ẹ̀ka Fámásì ní University of Ibadan báyìí, ẹ máa tún gbọ́ orúkọ wọn níwájú.

Ohun tó máa ń ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ yìí ni pé kò sẹ́ni tó ń ké ìrora. Kò sí ìgbẹ́ gbuuru, kò sí ibà, kò sẹ́ni tó sùn sí hósípítù, àmọ́ nǹkan ti ń yí padà nínú ìfun àwọn ọmọ yẹn. Tó bá jẹ́ pé aláìsàn nìkan ni wọ́n ń kà ni, wọn ò bá má rí i títí ó fi máa pẹ́ jù.

Màámi kan níwájú ní, ṣé kòkòrò tí kò ṣe wá ní nǹkan kan, kí ló kàn wá tó bá lágídí sí oògùn? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdáhùn ẹ̀ ni pé kòkòrò máa ń fún ara wọn ní nǹkan. Lọ́dún 1959 ni àwọn ará Jàpáànù fi hàn pé E. coli lè gbé agídí ẹ̀ fún Shigella, Shigella yìí ló ń fa ọ̀rìn, kódà agídí sí oògùn mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí aṣọ ẹbí ló rí. Ẹni tó ra aṣọ ẹbí kò ní láti jẹ́ ẹbí, ṣebí ẹ mọ̀, aládùúgbò á rà á, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ á rà á, ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí náà á rán an wá síbi ayẹyẹ. Kòkòrò jẹ́jẹ́ tó wà nínú ìfun yín lónìí lè ta aṣọ yẹn fún kòkòrò burúkú tó bá bá omi ẹlẹ́gbin wọlé lọ́la. Nǹkan tí wọ́n fi ń gbé e fúnra wọn yẹn ni wọ́n ń pè ní plasmid.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ Denmark ti èyí lẹ́yìn, torí ó wọ inú aṣọ ẹbí yẹn dáadáa. Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í ka kòkòrò ìfun jákèjádò ìlú wọn lọ́dún 1995, nínú èèyàn, nínú ẹran, nínú oúnjẹ, DANMAP ni wọ́n pè é. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fòfin de oògùn kan tó ń jẹ́ avoparcin tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n lè tètè sanra, ìdí ni pé ìbátan vancomycin ni, vancomycin sì jẹ́ oògùn tí hósípítù ń pa mọ́ de ọjọ́ burúkú. Lára adìẹ, agídí yẹn fò sílẹ̀ kíákíá. Lára ẹlẹ́dẹ̀, kò mì. Wọ́n ṣáà ń kà á, ọdún ń gorí ọdún, kò lọ. Àṣé wọ́n ṣì ń fún ẹlẹ́dẹ̀ ní oògùn mìíràn, tylosin, àti pé agídí sí tylosin àti agídí sí avoparcin orí aṣọ kan náà ni wọ́n rán wọn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọ̀kan ti wọ èkejì nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n dáwọ́ tylosin náà dúró lọ́dún 1998 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ká ní wọn ò kà á lọ́dọọdún ni, wọ́n á kàn sọ pé òfin ò ṣiṣẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1996, NARMS, ilé-iṣẹ́ ìjọba mẹ́ta ló pín in ṣe, CDC ń wo ti èèyàn, FDA ń wo ti ẹran tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, USDA ń wo ti ẹran níbi tí wọ́n ti ń pa á. Olósìn adìẹ tó wà níbí, ẹ tẹ́tí. Wọ́n ń fi enrofloxacin sínú omi adìẹ níbẹ̀, ọmọ ìyá cipro ni enrofloxacin. Nígbà tó yá apá cipro ò ká Campylobacter tó ń fún àwọn èèyàn ní ìgbẹ́ gbuuru mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì hàn pé ara adìẹ ló ti ń wá. FDA ní kí wọ́n gba oògùn yẹn kúrò lọ́wọ́ olósìn adìẹ lọ́dún 2000, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ò gbà, wọ́n fà á síwá sẹ́yìn títí di September 2005 kó tó parí. Ọdún márùn-ún! Pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà tó wà nílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n mú yín wọ láàbù wàyí, torí ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń wá, tíbẹ̀ bá sì ti dàrú kò sóhun tí Abuja fẹ́ ṣe sí i. Tí ìgbẹ́ aláìsàn bá dé ọwọ́ mi, màá kọ́kọ́ gbìn ín sórí àwo tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú ẹ̀, MacConkey la sábà máa ń lò, tó bá di ọjọ́ kejì E. coli á ti hù bíi kóró kóró pupa rẹ́súrẹ́sú, Salmonella (ìdílé tí kòkòrò typhoid ti wá) àti Shigella kì í pọ́n ní tiwọn. Màá ṣa díẹ̀, màá pò ó mọ́ omi iyọ̀ títí tó fi máa ṣú dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n tá a ń lò, màá wá fi òwú fà á kárí orí àwo Mueller-Hinton. Àwo yẹn, oúnjẹ inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó mìlímítà 4, kó má jù bẹ́ẹ̀ kó má dín. Lẹ́yìn náà ni màá wá to dísìkì sí i, pélébé ni, ó dà bí ìwé róbótó kéékèèké tó máa ń já bọ́ tẹ́ ẹ bá fi páńṣì lu bébà, oògùn ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò sùn sínú ínkúbétọ̀, ó kéré tán wákàtí mẹ́rìndínlógún. Láàárọ̀, tí apá oògùn bá ká kòkòrò yẹn, ẹ máa rí i tí àyíká dísìkì mọ́ roro bí ìdí igi tí wọ́n gbá. Rúlà la fi ń wọ̀n ọ́n. Tí apá oògùn ò bá ká a, kòkòrò á hù wá dé ẹsẹ̀ dísìkì bíi koríko tó hù wọnú ilé.

Rúlà àti dísìkì, kò jùyẹn lọ. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń bàjẹ́.

Ní hósípítù kan tí mi ò ní dárúkọ, nígbà kan báyìí, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé apá Augmentin ò ká E. coli kankan mọ́, ìkankan. Ọ̀gá wa ti ń múra àtifi lẹ́tà ránṣẹ́ sókè pé nǹkan ti dé. Mo wá béèrè pé ta ló ṣe control? Olúkúlùkù ń wo ojú ẹnì kejì. Kí ni control? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti ra ìrẹsì lọ́jà rí, ẹ mọ̀ pé kóńgò wà, kóńgò sì wà, èyí tí wọ́n ti lù ní ìdí kó wọnú, ó máa dà bíi pé ó kún àmọ́ ẹ ti jẹ gbèsè. Control ni kóńgò tí ìdí ẹ̀ ò wọlé. E. coli kan ni, ATCC 25922 lorúkọ ẹ̀, kárí ayé ni wọ́n ti mọ ìwà ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé dísìkì Augmentin lé e lórí ibi tó máa mọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín mìlímítà 18 sí 24. Mo ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí 13.

Kò sóhun tó ṣe àwọn kòkòrò yẹn. Dísìkì ló ti kú. Oògùn inú dísìkì Augmentin, pàápàá èròjà kan tó ń jẹ́ clavulanic acid, kò fẹ́ràn ooru kò fẹ́ràn ọ̀rinrin, iná sì ti lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìpẹ́ sígbà yẹn, fíríìjì ti gbóná, ó tún tutù, omi ti dì sára ìdérí ike dísìkì, ẹnì kan sì tún gbé sóbò tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. A ya èsì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dànù. Ṣùgbọ́n èsì ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ti lọ, dókítà ti fi ṣiṣẹ́, wọ́n ti gbé àwọn kan sórí abẹ́rẹ́ olówó gegere tí wọn ò nílò. Àtìgbà yẹn, tẹ́nì kan bá gbé gíráàfù aláràbarà wá fún mi pé agídí ti di 90 nínú ọgọ́rùn-ún ní ibi báyìí báyìí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé fíríìjì wọn ńkọ́.

Kóńgò tí ìdí ẹ̀ wọlé mìíràn nìyí, kẹ́ ẹ má bínú sí mi: Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá typhoid. Gbogbo wa la ti gbà á rí. Èèyàn á ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, kó tó mu omi tán wọ́n á ti ní malaria àti typhoid ni. Ọdún 1896 ni Widal dé ayé, ó ti ṣe bẹbẹ nígbà ayé ẹ̀. Àmọ́ kì í wá kòkòrò rárá, ohun tí ara fi bá kòkòrò jà ló ń wá, ẹni tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ṣe lọ́dún tó kọjá lè gbé e jáde, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lè gbé e jáde, àìsàn míì tí kì í ṣe typhoid náà lè gbé e jáde. Kò lè sọ fún yín oògùn tí apá ẹ̀ máa ká a, torí kò sí kòkòrò lọ́wọ́ tẹ́ ẹ máa fi dísìkì dán wò. Kó ẹ̀jẹ̀ wọ ìgò, kẹ́ ẹ dúró kó hù, ìyẹn ló ń sọ òótọ́, òun ló sì ń gba ọjọ́, òun ló ń gba owó.

Ẹ wo Pakistan. Nígbà tí ọdún 2016 ń parí lọ, ní Hyderabad, ní ìpínlẹ̀ Sindh, typhoid kan yọjú tí apá chloramphenicol ò ká, ampicillin ò ká a, Septrin ò ká a, ọ̀wọ́ cipro ò ká a, ceftriaxone tí gbogbo èèyàn fi ń dọ́gbọ́n náà ò ká a. Azithromycin nìkan ló kù tí wọ́n lè gbé mì, àfi kí wọ́n máa gun meropenem sára. Wọ́n rí i torí pé láàbù wọn ń gbin ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2019 Pakistan fi abẹ́rẹ́ àjẹsára typhoid tuntun sínú èyí tí wọ́n ń fún ọmọdé lóòrèkóòrè, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é lágbàáyé. Ká ní Widal ni wọ́n gbójú lé ni, wọ́n á kàn máa sọ pé typhoid ọdún yìí le o, ẹ̀mí èṣù wà nínú ẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Nàìjíríà kọ ètò orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2017, NCDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn, ló ń darí ẹ̀ ní ti èèyàn, ọdún yẹn náà la wọ inú ẹgbẹ́ GLASS, tó ń kó èsì kòkòrò alágídí jọ kárí ayé, tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) dá sílẹ̀ lọ́dún 2015. Àwọn láàbù kan tí wọ́n yàn ń kó èsì jọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WHONET, ọ̀fẹ́ ni WHONET, kọ̀ǹpútà tó ti gbó pàápàá lè gbé e. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ka jíìnì kòkòrò láti mọ ẹni tó bí i àti ibi tó ti ra aṣọ ẹbí ẹ̀, láàbù Ọ̀jọ̀gbọ́n Okeke ní UI ń ṣe é níbí n'Íbàdàn, kò dìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ òkè òkun. Inú mi dùn sí ìyẹn, mi ò ní purọ́.

Ohun tí inú mi ò dùn sí ni ẹni tá à ń kà. Èèyàn ìlú wa, tí inú bá ń run ún, kẹ́mísìtì ìdí títì ló máa kọ́kọ́ lọ, kápúsù méjì méjì. Kò lọ, ó mu àgbo. Kò lọ, kẹ́mísìtì kejì, wọ́n pa oògùn pọ̀ fún un. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti kọ̀ ló tó dé hósípítù ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ní kó san owó kọ́ṣọ̀ (culture, ìyẹn gbígbin kòkòrò ní láàbù), kó tún san ti oògùn, bóyá nínú mẹ́wàá ẹyọ kan ló máa rí owó yẹn san. Ẹyọ kan yẹn la wá ń kà tá a ń pè ní Nàìjíríà. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ iye mọ́tò tó ń bàjẹ́ n'Íbàdàn tó wá lọ fìdí kalẹ̀ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó dájú pé yóò ní gbogbo mọ́tò ló ti bàjẹ́. Ìwádìí ńlá kan jáde lọ́dún 2022, ó ní kòkòrò alágídí pa èèyàn tó mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé lọ́dún 2019, ó ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ìwọ̀n ikú ẹ̀ ga jù. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé níbi tí èsì láàbù ò ti pọ̀, ìṣirò ni wọ́n fi dí àlàfo ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn, WHO gbé e jáde lọ́dún 2021, wọ́n pè é ní Tricycle, bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹsẹ̀ mẹ́ta: èèyàn, adìẹ tó ń wọ ọjà, àti omi. Kòkòrò kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, E. coli tó ń ba ọ̀wọ́ oògùn ceftriaxone jẹ́. Ẹ bu omi odò, kẹ́ ẹ gbìn ín sórí àwo méjì, ọ̀kan ò ní oògùn, ẹ ti po cefotaxime, ìbátan ceftriaxone, mọ́ èkejì, ẹ ka èyí tó hù níbí ẹ ka èyí tó hù níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan níbẹ̀. Ogunpa wà níbẹ̀ yẹn tó ń ṣàn kọjá láàárín ìlú, gbogbo ohun tá a bá ṣe nínú ilé ló ń gbé lọ, ó máa sọ ohun tó wà nínú ìfun wa láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè pọ̀. Ìyá oníkẹ́mísìtì kan dìde, wọ́n ní, "Dókítà, tí n kò bá tà á, ẹni tó wà lódìkejì títì á tà á." Mo ní ẹ má pè mí ní dókítà mà, oníláàbù ni mí, òótọ́ lẹ sì sọ. Mo wá ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ ibì kan tẹ́ ò ti ní pàdánù: ọmọdé tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ẹ ta ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) àti zinc fún ìyá ẹ̀, kó lo zinc náà fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, kápúsù ò bá a tan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, hósípítù. Wọ́n ní èrè tó wà lórí ORS ò tó nǹkan. Mi ò jiyàn.

Olósìn adìẹ kan ní ọjọ́ tí ọmọ adìẹ bá ti dé lòun ti ń fi oògùn sómi wọn, kí wọ́n má báa kú, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Mo ní tí àìsàn bá wà ẹ pe dókítà ẹran, tí kò bá sí kí lẹ ń wò? Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà máa kọ ọ́ sínú ìwé, oògùn wo, ọjọ́ wo, torí lónìí tẹ́ ẹ bá bi mí pé oògùn mélòó ni adìẹ Ìbàdàn mu lọ́dún tó kọjá, ojú lásán ni màá máa wò.

Nígbà tá à ń jẹun lọ́wọ́ ni bàbá kan wá bá mi, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, wọ́n ní àwọn ò gba kápúsù láti ọdún mẹ́ta, ṣé mo lè bá àwọn ka ti inú àwọn. Mo ní ó ṣeé ṣe sà, a ní iṣẹ́ ìwádìí kan tó nílò irú wọn. Wọ́n béèrè iye tó jẹ́. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n dúró wò mí. "Èmi tí nǹkan kan ò ṣe lẹ fẹ́ ṣe é fún lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn lẹ wá ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n mi orí, wọ́n gba ike lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ sára ẹ̀ kó hàn ketekete, pé ojú àwọn ò ríran dáadáa mọ́.